Ègùn Tí Yóò Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìmẹ̀sí-Lásígidi, tàbí ìlú mìíràn ní gúúsù Èkìtì, kò ní ṣàì mọ ègùn. Òun ni ibi gíga tí ọdẹ ń jókòó sí lóru láti ṣọ́ ẹran. Bí igi ìyeyè bá ń so nígbà òjò, tí èso rẹ̀ ń já bọ́, ẹtu a máa wá ṣà á jẹ nílẹ̀. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a ti wà lókè kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ẹran igbó kì í sábà gbójú sókè.

Bí igi ńlá bá wà nítòsí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń so ègùn mọ́. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Gbòǹgbò igi ti bá ọdẹ ṣe iṣẹ́ náà tán. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ègùn tí a fi òpó gbé dúró ní gbangba, létí oko, níbi tí kò sí igi tí a lè fara tì. Irú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ń gùn láti lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Òun ló ń ṣe ènìyàn léṣe.

Ní ọdún 1991, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí èmi sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa kọ́ ègùn olópòó mẹ́rin sí etí oko iṣu rẹ̀. Igi tó fi ṣe é le, ó sì nípọn. Ó jókòó lórí rẹ̀ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé lójijì, ègùn náà sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Itan bàbá ṣẹ́. Nígbà tí àwa ọmọdé sáré lọ wò ó láàárọ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí òpó kan tó ṣẹ́. Méjì nínú wọn kàn fà tu láti inú ilẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa ẹ̀gẹ́ tu.

Púpọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ègùn ni láti ru ọdẹ. Ó ń rù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Bí ìjì bá lu ìbòrí imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lókè, ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi tí ìjì ti ń bọ̀ ni yóò fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró sẹ́yìn àga kan, kí ẹ ti orí rẹ̀ síwájú: ẹsẹ̀ tó sún mọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ gbéra. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí rẹ̀ sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Apá ibẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ègùn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìjì sì ń ti orí rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ẹrù kílò 50. 50 lọ́nà 12 jẹ́ 600. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdajì rẹ̀ ni 3. A ó pín 600 sí 3, yóò jẹ́ 200. Ègùn náà gbọ́dọ̀ wúwo tó kílò 200, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, kí ó tó lè dá dúró láìsí ohun tó dì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kílò 120 ti tó. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, nítorí pé ó yara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí ilẹ̀ bá jìn, kí ihò òpó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Kí a tó sọ òpó sínú rẹ̀, kí a de igi kúkúrú kan ní ìdábùú mọ́ ìdí rẹ̀. Igi kékeré yìí ni ìdákọ̀ró: bí ìjì bá fẹ́ fa òpó jáde, àfi kó gbé gbogbo erùpẹ̀ tó wà lórí ìdábùú náà. Kí a má da erùpẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, kí a máa fi igi gún un títí yóò fi le. (Ẹ má gbé ọmọ odó ìyá yín lọ sóko o.)

Ṣùgbọ́n Èkìtì ni a wà. Ẹni tó bá ti rí òkè Olósùnta ní Ìkéré mọ irú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Níbòmíràn, ọkọ́ kò ní wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà kan tí yóò fi dún lórí òkúta. Ohun tó ṣe bàbá ọdẹ nìyẹn: ó kan àpáta, ó sì dá ihò rẹ̀ dúró síbẹ̀. Níbi báyìí, kí a fi igi so ẹsẹ̀ ègùn pọ̀ nísàlẹ̀ bí àjà, kí a sì kó òkúta lé e títí yóò fi wúwo tó bí ìṣirò wa ti wí. Kí a tún ta okùn láti igun kọ̀ọ̀kan lókè wá sí èèkàn. Kí èèkàn jìnnà sí ìdí òpó tó bí òpó ti ga. Kí a gbá a wọlẹ̀ ní dídagun, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ègùn, kí okùn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá lára rẹ̀. Bí èèkàn kò bá wọlé, kí a so okùn mọ́ òkúta ńlá. Ìtàkùn tútù kò dára fún èyí: bí ó bá gbẹ, ó ń rù, ìdè rẹ̀ a sì tú.

Ọ̀tá kan wà tí kì í pariwo, òun ni ikán. Òpó lè lẹ́wà lókè kí ó ti ṣófo nísàlẹ̀. Inú pupa igi ìrókò máa ń pẹ́ ju funfun rẹ̀ lọ. Kí ọdẹ wa ìdí òpó wò kí ó tó gùn ún ní àkókò tuntun, kí ó sì mi gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìlà-oòrùn, kí ó sọ̀ kalẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹtu ti ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn ọmọ bàbá ọdẹ náà ló bá a kọ́ èkejì, pẹ̀lú òkúta àti okùn. Igi akòko tútù ni wọ́n fi ṣe méjì nínú àwọn èèkàn rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn méjèèjì ti ta gbòǹgbò, wọ́n sì ti yọ ewé.