Aláboyún, Obì àti Kọfí

Kí oòrùn tó yọ ní Lomé, àwọn tó ń ta kọfí ti dáná sí abẹ́ àtíbàbà wọn lẹ́bàá títì. Kafé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Wọ́n á da omi gbígbóná sínú ife, wọ́n á bu kọfí lúbúlúbú sí i, wọ́n á fi mílíìkì inú agolo sí i, wọ́n á sì gé búrẹ́dì tì í. Ọlọ́kadà ń mu ún. Alágbàṣe ń mu ún. Aláboyún tó ń lọ sí ọjà Asigamé náà ń mu ún, nítorí kò sùn dáadáa lóru, ẹrù sì wà nílẹ̀ tí yóò tò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú bá obìnrin náà dé ọjà. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, oníbàárà rẹ̀ kan fún un ní obì gbànja. Ó jẹ awẹ́ kan, ó di awẹ́ kejì mọ́ etí aṣọ. Nígbà tí oòrùn mú, ó ra kóòkì tútù. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ orí ń fọ́ ọ, ó ra oògùn lúbúlúbú lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó jẹ awẹ́ obì tó kù kí oorun má baà gbé e lọ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá bi í pé, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ mu kọfí lónìí?" yóò dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni." Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ti wọ inú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Káfíìnì ni orúkọ ohun náà. Ó wà nínú kọfí, obì, tíì, kóòkì, àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ni lágbára. Ó wà nínú kòkó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Òun ló ń lé oorun lọ, òun ló ń mú kí àyà yára lù. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Runge ló kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú kọfí ní ọdún 1819. Àwọn baba wa ti ń fi obì lé oorun lójú ọ̀nà àjò kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ.

Ó wà nínú oògùn orí fífọ́ mìíràn pẹ̀lú. Alábùkún tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀, áspírìn àti káfíìnì ni wọ́n pò pọ̀ níbẹ̀. Áspírìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí aláboyún ń rà lò, àfi bí dókítà bá ní kí ó lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko lè ní ọ̀rọ̀ Lomé kò kàn yín. Ó kàn yín. Níbo ni kọfí Tógò ti ń wá? Ṣebí láti oko ni, ní agbègbè Badou, Kpalimé àti Atakpamé. Irú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní robusta, káfíìnì inú rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì ti irú kejì tí ń jẹ́ arabica.

Kí ló wá dé tí a fi ń bá aláboyún sọ̀rọ̀ yìí? Bí ẹni tí kò lóyún bá mu kọfí, láàárín bíi wákàtí márùn-ún, ara rẹ̀ yóò ti lé ìdajì káfíìnì náà jáde. Ara aláboyún kì í tètè lé e. Bí oyún bá ti ń tó bí, ó lè gba wákàtí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé ohun tó wọ ara yín ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ tún ń na ife sí ọlọ́kọfí. Káfíìnì sì máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ìyá gba inú olóbi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú kò tíì gbó tó láti bá a jà.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aláboyún tí káfíìnì rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 300 lọ lójúmọ́ níyànjú pé kí ó dín in kù, kí ewu pé oyún yóò bàjẹ́, tàbí pé ọmọ yóò fúyẹ́ jù, lè dín kù. Ọmọ tí kò tó kílò méjì àbọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òtútù máa ń tètè mú un, àìsàn sì máa ń tètè kọlù ú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 200 ni wọ́n ní kí aláboyún má kọjá. Ní tèmi, 200 yẹn ni kí ẹ dì mú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ife ńlá kọfí lúbúlúbú kan ní nǹkan bí 100. Ife tíì kan ní bíi 75. Agolo kóòkì kan ní bíi 40. Ìdì Alábùkún kan ní bíi 60. Obì ló ṣòro, nítorí kò dọ́gba. Ẹ ka odindi gbànja kan sí ife kọfí kan. Ti obìnrin wa ti di 300, ó sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun mu kọfí.

Èyí kò sọ pé ẹni tó mu kọfí ni oyún rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ oyún ló ń bàjẹ́ láìsí ẹ̀bi ìyá rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí na obìnrin tó ti ń sunkún.

Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá já a lójijì, orí lè fọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì sáré lọ ra oògùn tí káfíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kọ gbígbóná rọ́pò ife kejì. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ló ń mú yín jẹ obì, ẹ fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ kí ẹ sinmi, kí ẹlòmíràn bá yín gbé ẹrù. Ọkọ tó wà nílé, ẹ gbọ́ o. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tí ojú ń ṣú yín, tàbí tí ojú àti ọwọ́ ń wú, ẹ má fi í pe kọfí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Tíì àti kọfí kì í jẹ́ kí ara rí ayọ́ọ̀nù inú oògùn náà àti inú oúnjẹ gbà dáadáa. Ẹ fi omi lo oògùn yín, kí ẹ jẹ́ kí tíì jìnnà sí i tó wákàtí kan tàbí méjì.

Bí wọ́n bá pín obì níbi ìkómọ, ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ gé e kékeré, ẹ ṣe àmín, kí ẹ fi èyí tó kù fún ẹni tó jókòó tì yín. Bí nọ́ọ̀sì bá sì bi yín léèrè ohun tí ẹ ń jẹ àti ohun tí ẹ ń mu, ẹ ka obì mọ́ ọn.