Kókó Tí Kì Í Dúró Lójú Kan

Ẹni tó bá ti dúró ti atẹ̀wé ní Ṣómólú á ti rí bí ó ṣe ń tẹjú mọ́ àmì àgbélébùú kékeré tó wà létí ìwé. Àwọ̀ mẹ́rin ló ń para pọ̀ di àwòrán kan. Bí ìwé bá fi ìwọ̀n irun orí ṣípò láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, ètè ìyá olóògbé tó wà lójú pósítà á di méjì.

Iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sí èyí, àfi pé ìwé tiwọn ń mí.

Ìtànṣán náà kò ṣeé fojú rí, kì í sì í dun ni bó ṣe ń wọlé. Ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jẹ́ kó má lè pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ olè, kò mọ onílé. Bẹ́ẹ̀ ọkàn wà nítòsí, ọ̀nà ọ̀fun wà nítòsí, ọ̀pá ẹ̀yìn ń bẹ lẹ́yìn. Bó bá sì pọ̀ jù lára ẹ̀dọ̀fóró tó ṣì dára, ikọ́ àti èémí tí kò délẹ̀ lè yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan.

Ẹ gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ìhà yín, kí ẹ mí kanlẹ̀. Ohun tó ń sún lábẹ́ ọwọ́ yín yẹn ni gbogbo ìṣòro ibẹ̀. Kókó jẹjẹrẹ tó wà lókè ẹ̀dọ̀fóró lè má fi bẹ́ẹ̀ mira, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ lè lọ sókè-sódò tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì.

Ìdí nìyí tí CT scan tí wọ́n fi ń múra ìtọ́jú yìí sílẹ̀ fi máa ń tẹ̀lé èémí níbi tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wà. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á gbé apá méjèèjì sókè orí, ẹ̀rọ á máa ṣọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń wú tó ń fọn. Kọ̀ǹpútà á pín àwòrán náà sí ìpele bíi 10, láti ìgbà tí èémí wọlé títí tó fi jáde tán. Dókítà á wá fa ìlà yí gbogbo ibi tí kókó náà dé ká. Wọ́n á sàmì sí awọ ara aláìsàn pẹ̀lú. Àgbélébùú atẹ̀wé la tún padà bá yìí.

Àmì ara nìkan kò tó o. Awọ lè wà níbi tó wà, kí kókó inú ti sún, tàbí kó ti súnkì. Nítorí náà, kí ìtànṣán tó tàn, wọ́n á tún ya àwòrán lórí ibùsùn ìtọ́jú gan-an, wọ́n á gbé e lé ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì fi mìlímítà sún ibùsùn títí méjèèjì yóò fi bára mu. Fún kókó tó ti tóbi kọjá iṣẹ́ abẹ, 60 Gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán, ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, tí wọ́n pín sí ìgbà 30: Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní Èkó, ẹni tó ń wá irú ìtọ́jú yìí láti Bàrígà á gba Jíbówù àti Ojúẹlẹ́gba, ó di Ìdí-Àràbà, níbi tí NSIA-LUTH Cancer Centre wà. Oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Mílíọ̀nù 11 dọ́là ni NSIA, àjọ ìdókòwò ìjọba àpapọ̀, fi sí i. Lójú tèmi, owó ọkọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn yẹ kí ẹbí ti kó jọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí aláìsàn bá pa jẹ, àǹfààní jẹjẹrẹ ni.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì ń pẹ́ dé ibi ìtọ́jú, torí pé ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Bí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò bá rí ikọ́ ife, tí ikọ́ náà kò sì lọ, ẹ bi dókítà léèrè nípa CT scan àyà.