Ẹni Tó Jókòó Tì Í: Àwọn Ìwé àti Ètò fún Ẹni Tí Ìṣòro Gbé Ṣubú

 

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ìrònú tó ń lé oorun lọ, obìnrin kan pe rédíò wa. Ó gbé oyún títí dé oṣù kẹsàn-án, ọmọ náà kò wá láàyè. Ó ní: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, gbogbo ayé ló ń sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le. Kò sí ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú un le. Ṣé ìwé kan wà, àbí ètò kan, tó lè kọ́ mi?"

Mo dáhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, àkókò wa ti tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ẹ mọ́kàn le, Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn," mo sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa. Obìnrin náà kọjú sí ògiri, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, kí n tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń wá. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní "résilience". Kì í ṣe ọkàn líle bí òkúta. Òkúta kì í sunkún, àmọ́ òkúta kì í dìde. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ènìyàn ṣubú, kí ó dùn ún, kí ó sunkún, síbẹ̀ kí ó tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé rẹ̀.

Ṣé wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn ni? Obìnrin onímọ̀ kan, Emmy Werner, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn kan nínú wọn dàgbà nínú òṣì, ìjà àti àìsàn òbí. Síbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí nǹkan le fún jù wọ̀nyí ló di àgbà tó dúró dáadáa. Lára ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé àgbàlagbà kan, ó kéré tán, fà wọ́n mọ́ra: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ tàbí aládùúgbò. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bi gbogbo ìwé tàbí ètò tí mo bá gbà yín níyànjú ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí ẹni yìí ṣubú, ta ló jókòó tì í?

Ìwé àkọ́kọ́ ni *Barracoon*, tí Zora Neale Hurston kọ. Ó kọ ọ́ tán ní nǹkan bí 1931, wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 2018, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ìtàn Oluale Kossola ni. Àwọn onítàn sọ pé ọmọ agbègbè Bantè ni, Yorùbá bíi tiwa, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Ní 1860 àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú rẹ̀, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, kò sí owó tí wọn yóò fi padà sílé. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kó owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀, Africatown. Ọmọ mẹ́fà ni ó bí, gbogbo wọn ló kú ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà kú. Ẹ má retí pé ìwé yìí á sọ pé ìbànújẹ́ náà tán. Kò tán. Àmọ́ ẹ wo bí Hurston ṣe ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń gbé èso lọ fún un, wọ́n á jọ jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí bàbá náà kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò fi agbára mú un. Ó tilẹ̀ bá a gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìyẹn.

Ìwé kejì ni *Sauve-toi, la vie t'appelle*, tí Boris Cyrulnik gbé jáde ní 2012. Dókítà ọpọlọ ni, ará Faransé. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n nígbà ogun Hitler. Ní 1944, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n mú òun náà ní Bordeaux. Ó sá pamọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́ láti bọ́. Ó sọ nínú ìwé náà bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó lè sọ ìtàn ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tó máa gbọ́ ọ kò sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé yìí kà.

Ẹni tí kò bá lè kàwé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí Dixon Chibanda sọ ní 2017 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ìtumọ̀ Faransé tí ọmọ yín lè kà fún yín. Dókítà ọpọlọ ni ní Zimbabwe. Ó ṣàlàyé pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí òun ń tọ́jú gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nítorí pé wọn kò rí dọ́là 15 owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin tó mọ iye tí zémìjàn àti táksì ń gbà láti abúlé dé Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹ ó lóye rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ní 2016 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 573. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ìdajì ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì, bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣé ìyá àgbà wọ́n wa ní Pobè ni?

Ẹ tún wá fídíò Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa. Táyà ló ń tún ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó lówó, ó tún pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́ pa ara rẹ̀. Àlùfáà kan gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ igi, tàbí tí wọ́n ń rìn kiri lójú pópó, wá síbi ìtọ́jú. Ọ̀kan lára ibùdó Saint-Camille tó dá sílẹ̀ wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn kan tí wọ́n tọ́jú tí ara wọn yá ló ń tọ́jú àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀ báyìí.

Fún ètò tí ẹ lè máa gbọ́ déédéé, mo gba yín níyànjú kí ẹ gbọ́ "Priorité Santé" lórí RFI. Ó tún wà gẹ́gẹ́ bí ètò tí a lè gbà sórí fóònù, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní podcast. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dára ni kí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kí owó yín má baà tán, kí ẹ sì fi Bluetooth pín in fún ara yín. Ẹ má dá gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ ti ń pa ẹ̀kùrọ́. Tó bá parí, ẹ pa fóònù, kí ẹnì kan béèrè pé: "Èwo ló bá ọ lára mu níbẹ̀?"

Ẹ sá fún ohùn WhatsApp tó bá sọ pé ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í sunkún, tàbí tó ní kí ẹ ju oògùn dókítà nù, tàbí tó fẹ́ ta omi ìyanu fún yín.

Ìwé kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ o. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn kò sùn, tí kò lè jẹun, tí nǹkan kan kò dùn mọ́ ọn mọ́, tàbí tí abiyamọ kò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ sójú, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn. Tó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé oògùn kòkòrò oko kúrò nílé, kí ẹ sì mú un wá lọ́jọ́ náà gan-an. Orúkọ Jacquot ní Kútọnu máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni, ibẹ̀ sì ni dókítà ọpọlọ wà.

Ìwọ ìyá tó pè wá, mo mọ̀ pé o ṣeé ṣe kí o wà níbi rédíò. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o mọ́kàn le. Tí o bá fún ọmọ náà lórúkọ, o lè dá a fún wa nígbà tí o bá fẹ́. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sílé rẹ̀ lónìí. Ẹ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ bá a gbálẹ̀, kí ẹ jókòó.

Ó dìgbà o.