Ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí: bí ẹ ṣe lè dé ibẹ̀ láti Alímọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgandò, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó kan ọtí. Paraga wà ní gáréèjì, ọtí inú ọ̀rá wà ní ṣọ́ọ̀bù, bíà sì wà ní gbogbo àdúgbò. Ẹni tó ti búra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pé òun ò ní mu mọ́, tó tún padà sídìí ìgò, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọtí ti di bárakú fún un nìyẹn. Àìsàn ni, ó sì ní ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ọtí ti mọ́ ọn lára. Bí ara kò bá rí i mọ́, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíì kò rí, gìrì sì lè gbé e. Èyí lè pa ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgandò. Ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábà, àti ti Àró ní Abẹ́òkúta, máa ń tọ́jú ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ta ni yóò dúró tì yín nígbà tí òùngbẹ ọtí bá tún dé? Iṣẹ́ ìpàdé nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó lókìkí jù nídìí rẹ̀ ni Alcoholics Anonymous. Ẹgbẹ́ ajáwọ́-ọtí ni a ó máa pè é níbí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló máa jẹ́ kó yé yín. Lóṣù karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé Bill Wilson, ará New York, lọ sí ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò fẹnu kan ọtí, àmọ́ òwò náà fọ́, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ilé ọtí inú hòtẹ́ẹ̀lì. Kàkà kó wọlé, ó gbé fóònù, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Dókítà náà ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fún un. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Bill kò lọ wàásù. Ara rẹ̀ ló ń gbà là. Ẹni tó bá ń sọ ìrírí rẹ̀ fún ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, àtolùsọ àtolùgbọ́ ló ń lágbára.

Láti wá ìpàdé, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú yín ní ọsibítù. Ẹ wo aa.org lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún bí ẹ ṣe lè kàn sí ẹgbẹ́. Kí ẹ pe ibi ìpàdé kí ẹ tó wọkọ̀, torí ọjọ́ àti yàrá lè yí padà. Ẹ̀kẹta, aa-intergroup.org to àwọn ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti orí fóònù jọ, tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ fi íàpíìsì sétí, ẹ sì lè pa kámẹ́rà.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń lò, ohun tí ẹ bá sì gbọ́ kò gbọdọ̀ jáde. Wọn kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí owó ìwọlé. Wọ́n lè gbé abọ́ yí ká, ẹni tó bá ní a fi sí i. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa agbára tó ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí; mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ lè jọ jókòó. Ìpàdé kan wà tí ẹbí lè bá yín wọ̀, òmíràn wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan, nítorí náà ẹ béèrè tẹ́lẹ̀.

Tó bá yá, ẹ ó yan alábàárìn: ẹni tó ti jáwọ́ ṣáájú yín, tí ẹ lè pè nígbà tí òùngbẹ bá dé. Àwọn ará ilé náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951.

Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ jù níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí káàdì alájọ. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti òní lẹ ń san, alájọ a fàlà sí i. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní mutí títí ayé. Ẹ má mu tòní.

Bí ẹ bá ṣubú, ẹ padà. Alájọ kì í lé oníbàárà torí pé káàdì oṣù tó kọjá kò kún. Káàdì tuntun ló máa fún un, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.