Ìtọ́jú Ìwọ̀n Nínú Yíya Àwòrán Ilé Pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ Láti Itele, Ọ̀tà

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ẹni tí owó ilẹ̀ Èkó wọ́n jù fún ni ó ti ra ilẹ̀ sí Itele, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ìwọ̀n ilẹ̀ àti ilé rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí ó tó kólọ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un yóò sọ pé pùlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ìwé tí sọ̀féyọ̀ bá fún un yóò sọ̀rọ̀ ní mítà. Ayàwòrán ilé yóò kọ mìlímítà, ṣùgbọ́n bíríkìlà àti káfíńtà yóò tún dá a padà sí ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba Nàìjíríà ti kúrò lórí òṣùwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sórí mítà, síbẹ̀ téèpù ọwọ́ oníṣẹ́ ṣì ní ojú méjì: mítà ní etí kan, ínṣì ní etí kejì. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ayàwòrán tí ó ń lo ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, èyí tí a mọ̀ sí CAD, ṣe lè tọ́jú ìwọ̀n tí ohun tí a kọ sórí ìwé yóò fi bá ohun tí a kọ́ sórí ilẹ̀ mu.

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo

Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mìlímítà 304.8 géérégé, ínṣì kan sì jẹ́ 25.4. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ mítà 18.288 lọ́nà 36.576. Ṣùgbọ́n mítà 18 lọ́nà 36 ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kà sí pùlọ́ọ̀tì kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 21 níbùú lóòró, èyí tí ó ju yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà 12 kan àti ààbọ̀ lọ. Bí ìwé sọ̀féyọ̀ bá sọ pé mítà 18 ni ìbú ilẹ̀, tí ayàwòrán sì ya ẹsẹ̀ bàtà 60, mìlímítà 288 ni ó fi kọjá ààlà. Ògiri ọgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án mọ kò nípọn ju 225 lọ. Odidi ògiri náà yóò bọ́ sínú ilẹ̀ aládùúgbò, ẹni tí ó kọ́ ọ yóò sì fi owó ara rẹ̀ wó o.

Ìwé sọ̀féyọ̀ ni ó yẹ kí ayàwòrán gbà gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ó fi ìwọ̀n gígùn ààlà kọ̀ọ̀kan àti igun tí ó fi yà kúrò ní àríwá ya ilẹ̀ náà, nítorí ilẹ̀ tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣe déédéé kò wọ́pọ̀ tó bí a ti rò. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Láti àríwá ni sọ̀féyọ̀ ti ń ka igun, bí ọwọ́ aago ti ń yí. Bí AutoCAD bá sì wà bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é, láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń kà á, ní òdì ọwọ́ aago. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yí ètò yìí padà yóò ya ilẹ̀ tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Bí ìlà ìkẹyìn kò bá padà sí orí òkúta ààlà àkọ́kọ́, kí ó má tíì fi ọwọ́ kan ilé.

AutoCAD, tí Autodesk gbé jáde ní 1982, kò mọ mítà yàtọ̀ sí ínṣì fúnra rẹ̀: nọ́ńbà lásán ni ó mọ̀. Bí a bá mú àwòrán ilẹ̀kùn onínṣì 36 láti ibòmíràn wá sínú àwòrán mìlímítà, tí a kò sì sọ òṣùwọ̀n méjèèjì fún ètò náà, ilẹ̀kùn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 ni yóò gbé kalẹ̀. Àṣìṣe yìí kò burú, nítorí ojú rí i. Èyí tí ojú kò rí ni ó ń pani lára. Ní 1999, ọkọ̀ òfuurufú Mars Climate Orbiter ti Amẹ́ríkà ṣègbé nítorí pé apá kan iṣẹ́ náà lo òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì sì lo ti mítà.

Nọ́ńbà tí ó ń parọ́

Kí a mú ilé kan tí yàrá méjì dojú kọ ara wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín wọn. Ògiri mẹ́rin jẹ́ 225 lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3600, ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ 1200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9300. Onílé wá ní yàrá òun gbọ́dọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 12, èyí tí í ṣe 3658. Ayàwòrán tí ó ń kánjú kò sún ògiri. Ó tẹ 3658 lé orí 3600 tí kọ̀ǹpútà kọ. Àwòrán náà wu onílé. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá ro ìwọ̀n inú pọ̀, yóò rí 9416, nígbà tí ìwọ̀n ìta ṣì ń pe 9300. Èwo ni yóò tẹ̀lé? Bí ó bá tẹ̀lé ti ìta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò dín sí 1084.

Kò sí àṣà tí ó ba iṣẹ́ CAD jẹ́ tó èyí. Ìlà ìwọ̀n tí a so mọ́ ògiri máa ń yí padà fúnra rẹ̀ bí ògiri bá ti sún. Ọwọ́ tí ó tẹ nọ́ńbà lé e lórí ti já okùn náà. Bí ìwọ̀n kò bá dára, ògiri ni kí a sún.

Ìbátan irọ́ yìí ni fífi ojú díwọ̀n. Bí a bá fi máòsì fa ìlà lásán, ó lè jẹ́ 3596.4, kọ̀ǹpútà tí a ní kí ó máa ka mẹ́wàá-mẹ́wàá yóò sì kọ 3600. Bí irú mẹ́rin bẹ́ẹ̀ bá tò tẹ̀lé ara wọn, 14400 ni ìṣirò yóò fún wa, ṣùgbọ́n 14390 ni kọ̀ǹpútà yóò kọ fún àpapọ̀. Nítorí náà, kí a fi ọwọ́ tẹ gígùn ìlà, kí a sì lo Osnap, tí ń mú ìlà dúró sí orí igun gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ìdá mìlímítà hàn, kí àbùkù má rí ibi sá sí.

Láti orí ìwé dé orí ilẹ̀

Bí ilé ti tóbi tó gan-an ni a ń yà á nínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni a ń dín in kù, bóyá ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé kí ó ṣáà mú àwòrán bá ìwé mu ti ba ìdínkù yìí jẹ́, bíríkìlà tí ó bá fi rúlà wọn ìwé náà yóò sì ṣìnà.

Ó tún yẹ kí ìwé sọ bóyá ìhòòhò ògiri ni a wọ̀n. Bí a bá fi símẹ́ǹtì tí ó nípọn tó mìlímítà 15 rẹ́ ògiri lójú méjèèjì yàrá, 3600 yóò di 3570. Káfíńtà tí ó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù gígùn 3600 sílẹ̀ yóò padà lọ rẹ́ ẹ.

Ìwọ̀n kan wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í kọ, tí ó sì wúlò jù fún ẹni tí ó ń ta okùn ìpìlẹ̀: ìwọ̀n láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i. Bí ilé bá jẹ́ 9300 lọ́nà 12000, 15182 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ilé ti wọ́ kí a tó gbẹ́lẹ̀, téèpù àti ènìyàn méjì sì tó láti tún un ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí àtúnṣe bá dé lẹ́yìn èyí, kí a kọ ọjọ́ sórí àwòrán tuntun, kí a sì gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ bíríkìlà kí a tó fún un ní òmíràn.