Òbí tí etí rẹ̀ ń dí: ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ yẹ, ìgbà wo ni kò yẹ?

Kí ìyá tó mọ̀ pé etí òun ti ń dí, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti mọ̀. Wọ́n á ti kọ́ láti fa aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n á sì ti mọ̀ pé bí àwọn bá dúró sẹ́yìn rẹ̀, igbe lásán ni àwọn ń ké. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro rí ní Adakplamè, lábẹ́ Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bí kò ṣe ṣòro rí ní Ìmẹ̀kọ lódìkejì ààlà. Wọ́n á pe bàbá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, àlejò á ní agbéraga ni. Ọmọ á sunkún lórí ẹní nígbà tí ìyá rẹ̀ ń dáná lẹ́yìnkùlé, ará ilé á ní kò láàánú. Etí ló ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wá hàn sí gbogbo ilé, ìbéèrè tó máa ń jáde ni pé: "Ṣé wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni?" Wọ́n lè ṣe é fún àwọn kan, yóò sì yọrí sí rere. Fún àwọn mìíràn, kò wúlò rárá. Àwọn kan sì tún wà tó jẹ́ dandan fún, tí àwọn fúnra wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ewu ń bẹ lórí wọn. Ibi tó bàjẹ́ nínú etí ló ń pín wọn níyà.

Ìró máa ń gba ihò etí wọlé, á lu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí à ń pè ní ìlù etí. Lẹ́yìn ìlù yìí ni eegun kéékèèké mẹ́ta ti so kọ́ra wọn. Èyí tó kẹ́yìn kò ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, òun sì ni eegun tó kéré jù nínú ara ènìyàn. Àwọn eegun yìí ló ń gbé ìró fún etí inú, ihò kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Inú omi náà ni àwọn irun tíntìntín wà, àwọn ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ.

Bí ìdọ̀tí bá dí ihò etí, bí ìlù etí bá lu, tàbí bí ọ̀kan nínú àwọn eegun náà bá gan, ọ̀nà ni kò já gaara. Etí inú ṣì wà láàyè. Irú èyí ni iṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn irun inú omi yẹn bá kú, wọn kì í hù mọ́ lára ènìyàn, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè dá wọn padà.

Ohun tí dọ́kítà fi ń kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ kò gba iná mànàmáná. Irin kan ni, ó ní apá méjì àti ìdí kan. Dọ́kítà á gbá a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ kó lè máa dún, á fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí aláìsàn. Lẹ́yìn náà á gbé e wá síwájú ihò etí, láìjẹ́ kó kan ara, á sì bi í pé: èwo ló dún jù? Ẹni tí etí rẹ̀ yè, tàbí tó jẹ́ pé etí inú ló bàjẹ́, á ní ti iwájú ni. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lára á ní ti ẹ̀yìn, torí pé eegun orí gbé ìró náà dé etí inú láìgba ọ̀dọ̀ ìlù kọjá. Wọ́n á tún fi ìdí irin náà ti àárín iwájú orí. Bí ìró bá fì sí etí tó ń ṣàìsàn, ọ̀nà ló dí. Bó bá fì sí etí tó dára, etí inú ni kí a máa wò. Weber àti Rinne, àwọn ará Jámánì méjì ti sẹ́ńtúrì 19, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe àyẹ̀wò wọ̀nyí. Lójú tèmi, ó yẹ kí irin yìí wà nínú dúrọ́ọ̀ gbogbo nọ́ọ̀sì abúlé. Kì í rọ́pò àyẹ̀wò ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìrìnàjò asán.

Ìrìnàjò náà kò sì kéré. Ẹni tó bá gbéra ní Adakplamè á dé Kétu, á gba Pobè àti Sakété kó tó wọ Àjàṣẹ́, kó tó dé ilé ìwòsàn ńlá CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu, níbi tí àwọn dọ́kítà etí, imú àti ọ̀fun wà, àwọn tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní ORL. Àwọn tó ní ẹbí ní Nàìjíríà máa ń gba Ìlárá kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Kétu nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lórí etí ní 2021, ó ní àwọn tó nílò ìtọ́jú etí lágbàáyé ju mílíọ̀nù 430 lọ, àti pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nǹkan bí 78% ni kò ní dọ́kítà etí kan ṣoṣo fún mílíọ̀nù ènìyàn.

Ohun tó ń ba etí inú jẹ́ pọ̀: ọjọ́ orí, ariwo ẹ̀rọ ọlọ tí ènìyàn dúró tì láti àárọ̀ dalẹ́, àrùn yírùnyírùn, àti oògùn. Ti oògùn yìí kan ẹkùn Plateau ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Kétu àti Pobè wà, gbọ̀ngbọ̀n. Láti 2003 ni ilé ìtọ́jú àrùn Buruli ti wà ní Pobè, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé. Egbò tó ń jẹ awọ àti ẹran ara ni Buruli. Ní 2004, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n fi rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin wò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Egbò ń san, àmọ́ streptomycin wà lára àwọn oògùn tó lè pa irun etí inú. Àwọn onímọ̀ wá gbé e yẹ̀ wò ní Ghana àti Bẹ̀nẹ̀ láàárín 2013 sí 2017: wọ́n fún àwọn kan ní clarithromycin, tí ẹnu ni wọ́n fi ń lò ó, dípò abẹ́rẹ́. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2020. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 95% ni egbò wọn ti jinná láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tó lo oògùn ẹnu, 96%. Ẹnì kan nínú àwọn alábẹ́rẹ́ ni etí rẹ̀ fara gbá débi pé wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oògùn ẹnu ni Àjọ náà ń gbani níyànjú láti lò báyìí.

Nítorí náà, òbí tó bá ti gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rí, ìbáà ṣe fún egbò tàbí fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún dọ́kítà. Bó bá jẹ́ òun ló pa etí náà, iṣẹ́ abẹ lórí ìlù etí kò ní yí nǹkan kan padà. Àwọn tó ń gún gentamicin, tí òun náà lè pa irun etí inú, fúnra wọn ní ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí etí ṣì ń gbọ́.

Àìsàn etí tí àwa mọ̀ jù lágbègbè yìí ni etí tó ń ṣọyún láti kékeré, tí ìlù rẹ̀ lu tí kò sì dí mọ́. Fún èyí, wọ́n á la ẹ̀yìn etí díẹ̀. Lókè etí, lábẹ́ irun, awọ funfun fẹ́lẹ́ kan wà tó bo iṣan tí à ń fi jẹun. Wọ́n á gé ìwọ̀nba rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ, wọ́n á nà án kó gbẹ díẹ̀, wọ́n á sì fi maikirosikópù wo inú etí, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tó lu. Ara aláìsàn ni wọ́n fi lẹ ara aláìsàn, kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Wullstein àti Zöllner, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì méjì, ló la ọ̀nà fún irú iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1950. Lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ó máa ń lẹ̀ fún bí ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kó lẹ̀ àti kí ènìyàn gbọ́rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n etí tí ibi tó lu lára ìlù rẹ̀ ti lẹ̀ kò ní máa ṣọyún mọ́ bí omi bá wọ̀ ọ́, ìyẹn nìkan sì tó ìdí.

Ti eegun tó gan kò wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ìyá mìíràn a sì ní ìgbà oyún ni àwọn kọ́kọ́ fura sí i. Ní 1956, John Shea ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà yọ eegun kẹta náà, ó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ṣe é fún ni etí náà máa ń dí pátápátá.

Iṣẹ́ abẹ kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe wuni. Awọ òde lè wọ inú etí, kó máa pọ̀ níbẹ̀, kó sì máa jẹ eegun tó yí i ká títí á fi kan iṣan tó ń gbé ojú tàbí kó kan ọpọlọ. Òórùn ọyún rẹ̀ ló sábà ń tú u fó. Wọ́n á gé e kúrò kí ènìyàn má bàa kú ni, bí ìgbọ́rọ̀ tilẹ̀ máa dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti ṣàlàyé fún mọ̀lẹ́bí pé a sanwó, etí kò sì là. Síbẹ̀ òun ni iṣẹ́ abẹ tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí.

Ti cochlear implant, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, tí ẹ̀ ń rí lórí fóònù ńkọ́, èyí tí ọmọ á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tí gbogbo ilé á bú sẹ́kún? Òótọ́ ni. Láti iṣẹ́ Djourno àti Eyriès ní Paris ní 1957, dé ti Graeme Clark ní Melbourne ní 1978, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi wáyà tíntín ta iṣan etí jí láìgba ọ̀dọ̀ irun tó ti kú. Àmọ́ ẹ̀rọ náà nìkan ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fáráǹkì, bátìrì rẹ̀ ń fẹ́ iná, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ máa padà lọ kí wọ́n tún un tò. Àgbàlagbà tí wọ́n bí ní adití kì í sábà jèrè rẹ̀ bí ọmọdé tàbí ẹni tó ti gbọ́rọ̀ rí.

Èyí tí wọn kì í sọ fún òbí tó ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ báńdéèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á ní kí omi má kan etí, kó má fọn ikun pẹ̀lú agbára, kó má gbé ẹrù wúwo. Ẹ gbé òfin yìí fún obìnrin tó ń pọnmi, tó ń ru àgbàdo bọ̀ láti oko, tó pọn ọmọ ọdún kan sẹ́yìn. Òòyì lè máa kọ́ ọ, ahọ́n rẹ̀ lè má mọ adùn dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Bó bá fara dà á lọ sóko ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ náà lè bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò ru omi ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá owó. Ilẹ̀ Kétu tó ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ ìyá sí kò yẹ kó ṣòro fún láti bá ìyá kan pọnmi fún oṣù kan. Bí obìnrin náà bá lóyún, iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì lè dúró dìgbà tó bá bímọ.

Ẹni tí iṣẹ́ abẹ kò bá tọ́ sí kò di ẹni ìjókòó. Ẹ̀rọ tí à ń fi sétí kí ìró lè ga ń ṣe bẹbẹ fún ọ̀pọ̀ tí etí inú wọn kò tíì kú tán, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó lè jàǹfààní rẹ̀ lágbàáyé, 17% péré ló ń lò ó. Àwọn àgbà wa ní torí adití ni òjò ṣe ń ṣú, torí afọ́jú ló ṣe ń kù. Ohun tí etí kò gbọ́, ojú lè rí i, ọwọ́ lè fara kàn án: kí ọmọ ọwọ́ sùn níbi tí apá ìyá ti kàn án, kí ẹni tó bá fẹ́ bá bàbá sọ̀rọ̀ wá síwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ọmọ tó bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ máa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀. Èdè ọwọ́ náà wà. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ghana ní 1957, ló dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, Ìbàdàn sì wà lára wọn ní 1960. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún ni kí ẹ sọ ọmọ ọdún mẹ́jọ di ògbufọ̀ nílé ìwòsàn. Kì í ṣe ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ àìsàn ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá wá pinnu láti ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dọ́kítà pé etí wo ló fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Èyí tó burú jù ni ó yẹ kó jẹ́, kí òbí má bàa pàdánù èyí tó fi ń gbọ́ ọmọ rẹ̀. Etí tó bá ti ń ṣọyún kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má da epo tàbí omi ewé sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Kétu. Bí òórùn burúkú, òòyì, ẹ̀fọ́rí líle tàbí ojú tó ń wọ́ sápá kan bá wà níbẹ̀, tàbí bí etí bá ṣàdédé dí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.