Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ooru àti yógà fún ọrùn tó ń dunni

Ọrùn tó ti ń dùn yín ju oṣù 3 lọ kì í ṣe ohun tí ẹ ó kàn máa fi róòbù pa. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò 4 sí 5. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú sórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ló ń gbé ẹrù náà.

Ooru ni kó ṣáájú. Ẹ ri tówẹ̀lì bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ọrùn àti èjìká fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ̀jẹ̀ á ráyè ṣàn, iṣan tó ti le á dẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí yógà wọlé: ẹ yí èjìká sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ máa mí kanlẹ̀. Ìtura ooru nìkan kì í pẹ́. Ìdárayá ló ń fún iṣan lókun.

Ní Essen, ní Jámánì, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde ní 2013 lórí ènìyàn 51. Àwọn tó ṣe yógà fún ọ̀sẹ̀ 9 rí ìtura ju àwọn tó ń wo ìwé ṣe ìdárayá nílé lọ. Ènìyàn 51 kò pọ̀, síbẹ̀ ó fún mi nírètí.

Ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí awọ ara yín mọ ooru dáadáa mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán ooru wò láìbi dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi orí dúró. Bí apá bá ń kú tipiri, tí ọwọ́ kò lè di nǹkan mú mọ́, tàbí tí ibà bá a rìn, ilé ìwòsàn ló kàn.